Àyẹ̀wò Àwọn Aṣọ Ìbora Ọyẹ́ Tí À Ń Tà ní Abẹ́òkúta

Nínú gbogbo ohun tí a ti rà láti fi dènà òtútù òru fún ìyá mi nínú ilé ẹbí wa ní Aké, bùláńkẹ́ẹ̀tì òkìrìkà tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni mo gbà pé ó tó owó rẹ̀ jù lọ. Kíjìpá ìbílẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e, bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun onírun múlọ́múlọ́ tí ó kún inú ọjà sì ni ó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ láìjẹ́ pé a wá nǹkan ṣe sí ohun tí ìyá mi ń sùn lé lórí, èyí ni mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń múra àtilọ sí ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó náwó.

Àwọn kan lè béèrè pé òtútù wo ni ó wà ní Abẹ́òkúta tí ènìyàn yóò fi máa wá bùláńkẹ́ẹ̀tì kiri. Òótọ́ ni pé ìlú wa kì í ṣe Jọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa, òun sì ni à ń pè ní ọyẹ́. Oòrùn ọ̀sán á mú ganrín-ganrín, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, nítorí pé kò sí ìkúukùu lójú ọ̀run, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kò sì tó nǹkan, ooru tí ilẹ̀ ti gbà láti àárọ̀ á máa fò lọ sókè láìsí ohun tí yóò dá a dúró, títí di ìdájí tí òtútù máa ń mú jù. Òtútù bẹ́ẹ̀ lè wálẹ̀ dé nǹkan bí 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ara ènìyàn ń fẹ́ láti dúró ní nǹkan bí 37. Ara fúnra rẹ̀ sì máa ń dín ooru rẹ̀ kù bí a bá ti sùn. Ọ̀dọ́ lè fara da èyí pẹ̀lú aṣọ ìró kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ẹran ara rẹ̀ ti ń joro kò ní ooru púpọ̀ tí yóò máa pàdánù. Ìyá mi kì í ráhùn, ṣùgbọ́n ojú wa ni ó ṣe máa ń jí láago mẹ́rin ìdájí tí á jókòó sí etí ibùsùn, tí á ká ọwọ́ mọ́ àyà, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ilé alámọ̀ ti àtijọ́ ni ilé náà, ògiri rẹ̀ nípọn, wọ́n sì fi páànù bò ó bí ọ̀pọ̀ ilé tí ẹni tí ó bá gun orí Olúmọ máa ń rí nísàlẹ̀, tí òjò àti oòrùn ti sọ páànù wọn di pupa rúsúrúsú. Ògiri alámọ̀ yìí kọ́ ni ó ń dá òtútù sílẹ̀, nítorí pé ó máa ń mu ooru ọ̀sán sínú, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Páànù ni ìṣòro. Irin fẹ́lẹ́ ni, kì í pẹ́ gbóná, kì í sì í pẹ́ tutù, bí yàrá kò bá sì ní àjà, gbogbo ooru tí ara ènìyàn àti ògiri ń tú jáde á gòkè lọ bá a, á sì gba ibẹ̀ bá tirẹ̀ lọ. A ti ń dá owó jọ láti kan àjà sí yàrá ìyá mi, mo sì gbà pé ìyẹn ni iṣẹ́ gidi tí ó kù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò ní dúró de káfíńtà, ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ ìbora.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun ni ojú máa ń kọ́kọ́ bá ní ọjà Kútọ̀. Inú àpò ọ̀rá tí ó ní síìpù ni wọ́n máa ń wà, pẹ̀lú páálí tí wọ́n ya àwòrán kìnnìún tàbí òdòdó róòsì sí, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì ń wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ìyá tí ó tà á fún wa di ọwọ́ mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ sínú aṣọ náà, ó ní, "Ọmọ mi, fọwọ́ kàn án wò, ṣé kò rọ̀ bí?" Ó rọ̀ lóòótọ́. Kì í yún-ni lára, ó rọrùn láti fọ̀, bí a bá sì sá a sóòrùn ní àárọ̀, á ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn ọmọdé ilé kò fẹ́ fi í sílẹ̀, èmi náà kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra á.

Àmọ́ pólíẹ́sítà ni wọ́n fi ṣe é, pólíẹ́sítà kì í sì í fa omi. Bí ìyá mi bá bò ó ní alẹ́, ara rẹ̀ á gbóná kíákíá, inú wa á dùn, ṣùgbọ́n tí ó bá di àárín òru, òógùn á bò ó, á sì fi ẹsẹ̀ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì náà kúrò lára, òógùn yẹn á wá di òtútù sí i lára ní ìdájí, àkókò tí ó yẹ kí aṣọ náà ṣiṣẹ́ jù lọ. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Nínú òkùnkùn, bí a bá fà á kúrò lára aṣọ àwọ̀sùn, ó máa ń ta pàrà-pàrà, iná wínníwínní á sì máa ṣẹ́ lára rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń fà á. Gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ ni ó fa ìyẹn, kì í sì í pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n àbẹ́là tàbí fìtílà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá, nítorí pé bí pólíẹ́sítà bá gbaná, ńṣe ni ó máa ń yọ́, tí á sì lẹ̀ mọ́ ara.

Kíjìpá wa kò ti ọjà Abẹ́òkúta wá. Ìtòkú kún fún àdìrẹ, ṣùgbọ́n àdìrẹ fẹ́lẹ́ jù fún iṣẹ́ tí à ń sọ yìí. Àbúrò ìyá mi kan ni ó gbé kíjìpá náà wá fún un láti Ọ̀wọ̀. Àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń hun ún lórí òfì ìdúró, òwú tí a fi ọwọ́ ran ni wọ́n sì fi ń hun ún nígbà àtijọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi nípọn tí ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń sọ pé òfì ni aṣọ àgbà, pé kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, ọ̀rọ̀ òde àríyá ni wọ́n ń sọ. Lórí ibùsùn, n kò rí àgbà tí yóò kọ kíjìpá sílẹ̀ lóru ọyẹ́. Ó máa ń fa òógùn mu, kì í ta pàrà, kì í yọ̀ bọ́ sílẹ̀ láti orí ibùsùn, afẹ́fẹ́ tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó le nígbà tí ó bá ṣì tuntun, pé fífọ̀ rẹ̀ gba agbára, àti pé ó wúwo ju bí ó ti yẹ lọ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Bí ó ti dí tó náà, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tí kò ráyè rìn gan-an ni ó máa ń dá ooru dúró sí ara ènìyàn. Nítorí náà, bí a bá dá kíjìpá nìkan bò, ó dára, ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣe ìbòrí fún aṣọ mìíràn tí ó fúyẹ́, ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aṣọ tí ó fúyẹ́ náà ni a rí lọ́dọ̀ àwọn olókìrìkà ní Láfẹ́nwá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí èyí tí ó dára, kí ó lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá tú bélì tuntun, nítorí pé àwọn tí ń rà á láti lọ tún un tà máa ń ṣa àwọn ojúlówó lọ kí oòrùn tó mú. Ojú àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì òkìrìkà yìí kò rẹwà bí ti àwọn onírun múlọ́múlọ́. Aláwọ̀ eérú ni òmíràn, òmíràn ní ìlà gbọọrọ létí, òmíràn ní àmì ilé ìtura tàbí ti ilé ìwòsàn òkè òkun tí ó ti lò ó rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tà á sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ojúlówó ni, irun àgùntàn gidi ni." Mo ní kí ó má bínú, kí ó jẹ́ kí n fa òwú kan yọ létí rẹ̀ kí n fi ìṣáná sí i, kò sì kọ̀.

Àyẹ̀wò iná yìí ni mo fẹ́ rọ gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n máa ṣe, kí wọ́n sì ṣe é níta, jìnnà sí ìdì aṣọ. Òwú irun àgùntàn kì í yára gbaná, bí a bá sì mú ìṣáná kúrò, iná ara rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Òórùn irun tí ó jóná ni yóò máa rùn, òun náà ni òórùn tí à ń gbọ́ bí iná bá ra irun orí ènìyàn. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù, bí a bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á rún di eérú dúdú. Pólíẹ́sítà ní tirẹ̀ á yọ́, á ká kò, á sì di hóró líle bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí ìka kò lè fọ́. Òwú lásán á jó bí ìwé, òórùn ìwé tí ó jóná náà ni yóò sì máa rùn. Ọ̀pọ̀ bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n hun pọ̀ mọ́ pólíẹ́sítà, irú èyí yóò sì fi àmì méjèèjì hàn. Kò burú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbé irun àgùntàn ga tó báyìí ni pé irun náà ká kò nípa ẹ̀dá rẹ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀ sì máa ń há sáàárín rẹ̀ láìjẹ́ pé ó wúwo. Ó tún lè fa omi tí ó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ìdá 100 ìwúwo rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ní tútù, nítorí náà òógùn àárín òru kò di wàhálà mọ́. Ìyá mi bò ó mọ́jú láìṣí i kúrò lára. Iye tí a rà á kò tó ìdajì owó bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun onírun. Ìyún-ni-lára ni ẹ̀sùn tí a lè fi kàn án, ìyẹn sì ní ojútùú tí ó rọrùn: kí aṣọ ìró tàbí aṣọ ìbusùn fẹ́lẹ́ kan kọ́kọ́ kan ara, kí irun àgùntàn bọ́ sórí rẹ̀, kí kíjìpá wá bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá ra òkìrìkà gbọ́dọ̀ yẹ ojú ìránṣọ àti etí rẹ̀ wò dáadáa fún ìdun. Àmì dúdú tóótòòtó tàbí awọ kòkòrò gbígbẹ níbẹ̀ ti tó láti fi aṣọ náà sílẹ̀, bó ti wù kí ó dára tó. Bí a bá mú un délé, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a má fún un bí ẹni fún aṣọ iṣẹ́, nítorí pé omi gbígbóná àti fífún máa ń mú kí irun àgùntàn sún kì, tí bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹni méjì á wá di ti ọmọdé. Kí a tẹ́ ẹ sórí ẹní láti gbẹ, kí a má fi kọ́ okùn, kí ìwúwo omi má baà fà á gùn.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ fóòmù, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ á tẹ gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, ooru ara á sì gba ibẹ̀ lọ sínú ilẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lórí kò lè dá ìyẹn dúró. Fóòmù àtijọ́ tí ó wà lábẹ́ ìyá mi ti jin kòtò láàárín, débi pé bí mo ti ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó sùn lé e, ìbàdí rẹ̀ ni mo kàn láìsí ohun kan gbòógì láàárín ọwọ́ mi àti òun, sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ sì tutù bí omi àmù. A pààrọ̀ rẹ̀ sí oníǹṣì 6 tí ó ki. Ní ìsọ̀ àwọn onífóòmù, kí ẹ má wo aṣọ òdòdó tí wọ́n fi bò ó. Kí ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì gbé e kúrò: èyí tí ó bá yára padà sípò, tí orúnkún yín kò sì kan pákó ìsàlẹ̀, òun ni kí ẹ rà. Láti òru tí a ti gbé e sílẹ̀ ni jíjókòó ìdájí yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, kí a tó ra bùláńkẹ́ẹ̀tì irun àgùntàn rárá.

Fún ẹni tí kò ní owó fóòmù lọ́wọ́ báyìí, páálí ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹ̀rọ amúǹkantutù tàbí tẹlifíṣọ̀n ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ wà nínú ihò tóóró-tóóró tí ó wà láàárín rẹ̀. Kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí a tẹ́ ẹní lé e, kí fóòmù tó bọ́ síbẹ̀, kí a sì máa ká gbogbo rẹ̀ sókè láàárọ̀ kí abẹ́ rẹ̀ má baà bu. Ìbọ̀sẹ̀ òwú ní ẹsẹ̀ àti ìborùn ní orí kò gba owó púpọ̀, wọ́n sì ń ṣe gudugudu méje fún àgbàlagbà.

Rọ́bà omi gbígbóná náà wúlò fún mímú ibùsùn gbóná kí a tó wọ inú rẹ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ rà ní ilé ìtajà oògùn kan ń jò ní ìdérí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà kí ẹ bu omi sí i kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú ẹni tí ń tà á. Omi tí ó ń hó kò dára fún un. Kí a bu omi gbígbóná dé ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀, kí a fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí a fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, kí a sì mú un kúrò bí àgbàlagbà tàbí ọmọdé bá ti fẹ́ sùn, nítorí pé awọ ara wọn tètè ń bó.

Ohun kan wà tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ púpọ̀, òun ni ìkòkò èédú tí àwọn kan máa ń gbé wọ yàrá láti yáná kí wọ́n tó sùn. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fi aṣọ dí fèrèsé, wọ́n á ní èéfín ti tán lára rẹ̀, pé ẹ̀yinná nìkan ni ó kù. Ẹ̀yinná tí kò léèéfín yẹn gan-an ni ó ń tú gáàsì carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ti sùn kò ní mọ̀ pé òun ń kú lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé ń tú gáàsì kan náà jáde. Kò sí òtútù Abẹ́òkúta tí ó tó èyí, mo sì bẹ gbogbo ẹni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí pé bí ìyá tàbí bàbá wọn bá ń ṣe é, kí wọ́n gbé ìkòkò náà jáde lálẹ́ òní, kí wọ́n tó ronú bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò rà. Fífi aṣọ dí gbogbo ihò yàrá náà kò dára. Ó tó kí a fi àkísà ká abẹ́ ilẹ̀kùn, kí a fi kọ́tìnnì tí ó nípọn sí fèrèsé, kí àlàfo orí ògiri ṣì wà.

Ọmọ ìkókó kò gbọdọ̀ bo bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ó wúwo tàbí tí ó lè bò ó lójú. Aṣọ tí ó bá ara rẹ̀ mu, tí ó wọ̀ ọ́ dé ẹsẹ̀, ni ó dára fún un. Ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní tirẹ̀ nílò gbogbo ìmúra tí mo kà sílẹ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé òtútù wà lára àwọn ohun tí ó máa ń dá ìrora egungun sílẹ̀ fún wọn, omi gbígbẹ lára lásìkò ọyẹ́ sì máa ń dá kún un. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má dúró títí ọyẹ́ yóò fi mú.

Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá ni ó dára jù láti lọ sọ́dọ̀ àwọn olókìrìkà, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì, tí àwọn tí ń tà á sì ṣe tán láti gba ohun tí a bá ná. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, iye kan náà á fò sókè. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé tí a fẹ́ kó àwọn aṣọ náà pamọ́, kí a sá bùláńkẹ́ẹ̀tì irun àgùntàn sóòrùn kí ó gbẹ pátápátá, kí a gbọ̀n ọ́n, kí a sì dì í sínú ọ̀rá tí a so ẹnu rẹ̀ pinpin, nítorí pé kòkòrò ajaṣọ fẹ́ràn irun àgùntàn gan-an, kì í sì í fọwọ́ kan pólíẹ́sítà. Ọ̀pọ̀ ìyá ilé ń fi káńfọ̀ sí i. Nínú ilé tí kò sí ọmọ tuntun, kò burú, bí a bá sá aṣọ náà sí atẹ́gùn dáadáa kí a tó tún bò ó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tuntun bá wà nínú ilé, kí káńfọ̀ má ṣe sún mọ́ aṣọ rẹ̀ tàbí ti ìyá rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ kan wà tí òórùn káńfọ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ débi pé ojú àti ara wọn á pọ́n, tí yóò sì di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ọ̀rá tí a so pinpin nìkan ni àwa ń lò ní Aké, kòkòrò kò sì tíì dá ihò kan sí bùláńkẹ́ẹ̀tì ìyá mi.